Nígbà Tí Wọ́n Bá Ti Géètì: Òfin Èéfín Amúnáwá àti Àwọn Ìlú Tó Ń Jẹun Lára Èédú

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tó bá wà ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà kò ní gbàgbé bí Lágere ṣe dákẹ́. Ọlọ́kadà tó ti máa ń pariwo "Kámpọ́ọ̀sì! Kámpọ́ọ̀sì!" láti ìdájí wá ń fẹ̀yìn ti ọ̀kadà lábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìyá kan tí mo máa ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ dín ìkòkò mẹ́ta kù sí ẹyọ kan, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún, ó da omi sí iná, ó gba ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ ní Ìbàdàn. Màmá yìí kì í ṣe olùkọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè é sí ìpàdé kankan ní Àbújá. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn tí ìyanṣẹ́lódì náà kọ́kọ́ pa lẹ́kún.

Ó ti padà sídìí ìkòkò rẹ̀ báyìí. Níjọ́ kan tí mo ń jẹun níwájú rẹ̀, rédíò ń sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fagi lé òfin tó de èéfín àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá eléédú, pé inú àwọn awakùsà dùn sí i. Màmá gbójú sókè.

"Tíṣà, èédú kẹ̀? Èédú tí mo fi ń dáná yìí náà ni ìjọba ń bá jà?"

Rárá o. Èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò ní Sábó, tí a fi ń sun àgbàdo, igi ni wọ́n sun tó fi di èédú. Èyí tí rédíò ń wí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á: igbó àti ewéko tó rì sínú ẹrẹ̀ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí òkúta. Irú rẹ̀ ló wà ní Enúgu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún Màmá ni mo rí i pé ó yé e ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ìlú tó ń jẹun lẹ́nu géètì kan ṣoṣo kì í ṣe àjèjì sí ará Ifẹ̀.

Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ amúnáwá eléédú kò ju ìkòkò omi ńlá lọ. Wọ́n á lọ èédú kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ sínú iná, iná á hó omi, ooru tó ń ti inú omi náà ru jáde á yí tọ́báìnì, tọ́báìnì á yí jẹnẹrétọ̀. Bí èédú ṣe ń jó, káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì á di gáàsì kan, káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Tọ́ọ̀nù káábọ́ọ̀nù kan tó bá jó tán á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3.67 gáàsì yìí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: báwo ni èéfín ṣe máa wúwo ju ohun tó jóná lọ? Ọ́síjìn ni. Ara afẹ́fẹ́ la ti yá a.

Ẹ fi wé yúníìtì tí ẹ ń rà sínú mítà. Yúníìtì kan tí wọ́n bá fi èédú pèsè, nǹkan bíi kìlógíráàmù kan gáàsì yìí ló ń bá a jáde. Tí ó bá jẹ́ gáàsì tí wọ́n ń fà láti abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi pèsè rẹ̀, kò tó ìdajì bẹ́ẹ̀. Káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín dúdú tó ń mú ni húkọ́, ọ̀tọ̀ ni òfin tirẹ̀. Iṣẹ́ ibi tí èyí ń ṣe ni pé ó ń ká ooru oòrùn mọ́ ayé, bí ewé tí a fi bo ojú ìkòkò mọ́ínmọ́ín kí ooru má baà jáde. Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i lókè ni ojú ọjọ́ ń yí padà.

Kí ló dé tó jẹ́ amúnáwá ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ? Ohun kan náà tó ń mú kí agbowó-orí kọ́kọ́ ya ilé ìtajà ńlá kó tó dé ọ̀dọ̀ aláta. Wọn ò pọ̀, wọ́n dúró sójú kan, ẹnu èéfín wọn ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú ń rí i. Àwọn ìjọba kan á fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé èéfín yúníìtì kan kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ. Àwọn kan á bu owó lé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á ní kí wọ́n gba gáàsì náà mú lẹ́nu èéfín, kí wọ́n rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, èyí tó wọ́n bí ojú. Bó ti wù kí wọ́n gbé e gbà, èédú ló máa ń fara gbá jù, torí òun ni èéfín rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìjà Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ dúró tì, torí ariwo rẹ̀ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 2007 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀ dá a pé káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì wà lára ohun tí òfin afẹ́fẹ́ wọn ká mọ́, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ti rí àṣẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2015 ni ìjọba Obama gbé Clean Power Plan jáde, pé kí èéfín àwọn amúnáwá fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ sí ti 2005 tí ó bá fi máa di 2030. West Virginia àti àwọn ìpínlẹ̀ eléédú mìíràn gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Kejì 2016, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi òfin náà rọ̀ ná. Ìjọba Trump fagi lé e ní 2019. Ní oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta sọ pé EPA kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò nínú èédú láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fún un láṣẹ. Ìjọba Biden tún gbé òmíràn wá ní oṣù Kẹrin 2024: ilé iṣẹ́ eléédú tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kọjá 2039 gbọ́dọ̀ máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún káábọ́ọ̀nù rẹ̀ mú láti 2032. Ní oṣù Kẹfà 2025, EPA lábẹ́ Trump kéde pé àwọn fẹ́ yọ ọ́ dànù.

Wọ́n gbé e, wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún gbé e. Clean Power Plan yẹn kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 2019, èéfín àwọn amúnáwá Amẹ́ríkà ti wálẹ̀ dé ibi tí òfin náà ní kó dé ní 2030. Àwọn awakùsà èédú tó tó nǹkan bí 90,000 ní 2012 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40,000 láàárín ọdún mẹ́wàá. Ta ló wá lé wọn?

Gáàsì ni, ju ohun yòówù lọ. Láti bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ń fi omi oníkẹ́míkà fọ́ òkúta abẹ́ ilẹ̀ káàkiri kí gáàsì inú rẹ̀ tú jáde, gáàsì wá pọ̀ bí omi òjò, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Oníṣòwò iná kò nílò òfin kankan kó tó mọ èyí tí yóò rà. Ṣáájú gáàsì, ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀. McDowell ní West Virginia, tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí, ní èèyàn tó súnmọ́ 100,000 ní 1950. Ní 2020, wọn ò tó 20,000. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa òfin káábọ́ọ̀nù rárá, nítorí ẹ̀rọ kan ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi ṣọ́bìrì àti díígà ṣe. Ní 2016, Walmart tó wà níbẹ̀ náà kó lọ.

Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú bá dúró níwájú awakùsà tó ń sọ pé òfin ló pa yín, irọ́ tó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú ni. Òtítọ́ díẹ̀ yẹn náà kò kéré o. Ẹ rántí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ fẹ̀. Katapílà lè má dé fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n onílé kò ní rẹ́ ẹ mọ́, kò ní kùn ún, ayálégbé tó kó jáde kò ní rí arọ́pò. Bí òfin èéfín ṣe ń ṣe sí ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ti lo ogójì ọdún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa náwó sórí rẹ̀, báǹkì kò ní yá a lówó. Òfin tí wọ́n fi rọ̀ síbẹ̀ ń pa á díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó wá ń kú tẹ̀ lé e ni ìròyìn kì í sọ. Wyoming ló ń wa nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo èédú Amẹ́ríkà, owó tó ń ti ara èédú wọlé sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní Boone County, West Virginia, nígbà tí owó orí èédú já wálẹ̀, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pa ní 2016. Ẹ ronú sí i: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò wọ kùsà rí pàdánù kíláàsì rẹ̀. Láàárín 2015 sí 2019, Alpha, Arch, Peabody àti Murray, àwọn ilé iṣẹ́ èédú ńláńlá, gba ilé ẹjọ́ lọ láti sọ pé gbèsè ti bo àwọn mọ́lẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn aṣòfin ló dìde ní oṣù Kejìlá 2019 láti fi owó ìjọba gba owó ìfẹ̀yìntì nǹkan bí 90,000 èèyàn là.

N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Eruku èédú máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ní àárín gbùngbùn òkè Appalachia, ọ̀kan nínú márùn-ún awakùsà tó ti lo ọdún 25 sókè ló ní àrùn yìí. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èédú ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà. Bí èédú bá ṣe ń dínkù, owó ìtọ́jú náà ń gbẹ, àìsàn ní tirẹ̀ kò gbọ́ ìròyìn pé èédú ti lọ.

Nílé wa ńkọ́? Enúgu ni mo fẹ́ kí ẹ wò. 1909 ni wọ́n rí èédú níbẹ̀, 1915 ni ìwakùsà bẹ̀rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Ìlú kan hù jáde nínú ihò. Èédú náà ló ń yí taya irin káàkiri Nàìjíríà, títí kan rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907, èyí tí àwọn bàbá wa láti Ifẹ̀ àti Iléṣà ń lọ wọ̀, torí kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley tí wọ́n ń jà fún owó wọn, èèyàn 21 kú. Ìbínú tó ti ibẹ̀ jáde wà lára ohun tó lé òyìnbó lọ.

Kò sí òfin káábọ́ọ̀nù tó kan Enúgu. Rélùwéè yí sí dísù, epo rọ̀bì tí wọ́n rí ní Oloibiri ní 1956 gba ojú ìjọba, ogun abẹ́lé ti kùsà pa láti 1967 sí 1970, àwọn ihò náà kò sì padà bọ̀ sípò bó ṣe yẹ. Orúkọ tó kù lẹ́nu àwọn èèyàn ni ìlú èédú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ta ko ohun tí àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ń sọ: ọjà tó gbà ọ́ mọ́ra lónìí lè kọ̀yìn sí ọ lọ́la láìsí òfin kankan, ìgbà tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹnikẹ́ni tí o máa pè lẹ́jọ́. Tí òfin bá ló fà á, ó kéré tán, o lè di ìjọba lọ́rùn aṣọ pé kó sanwó.

Àwọn ará Jámánì dì í lọ́rùn aṣọ dáadáa. Àgbègbè Ruhr ni ọ̀gangan èédú wọn, nígbà tí èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba rora sọ ọ́ kalẹ̀ ní bí ọgọ́ta ọdún. Oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n ti kùsà tó kẹ́yìn ní Bottrop. Àwọn arúgbó gba ìfẹ̀yìntì kí ọjọ́ wọn tó pé, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ mìíràn. Kùsà Zollverein ní Essen di ibi ìgbafẹ́ tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2001. Èyí tó mú mi rẹ́rìn-ín ni pé Ruhr kò ní yunifásítì kankan nígbà náà. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Bochum. Ọdún wo? 1962. Ọdún tí yunifásítì ti Ifẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ kíláàsì gan-an. Géètì tí a fi ń jẹun níbí ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ kí èyí tí wọ́n ń jẹun nídìí rẹ̀ tó tì. Ní 2020, nígbà tí Jámánì ṣòfin pé èédú kò gbọdọ̀ sí nínú iná wọn mọ́ bó bá fi máa pẹ́ tó jẹ́ 2038, wọ́n ya bílíọ̀nù 40 owó yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn àgbègbè eléédú.

Ti Bìrìtéènì kò pẹ́ sọ. Ìjà awakùsà 1984 sí 1985 ti fọ́ ẹ̀yìn wọn kí òfin káábọ́ọ̀nù tó dé. Nígbà tí wọ́n wá bu owó lé èéfín, tí ìpín èédú nínú iná wọn sì já láti nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012 sí òdo ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024, tí Ratcliffe-on-Soar, ilé iṣẹ́ amúnáwá eléédú tó kẹ́yìn níbẹ̀, kú, iye awakùsà tó kù láti sunkún kò tó nǹkan.

South Africa ló súnmọ́ wa jù, òun náà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná wọn ni èédú ń pèsè, ìpínlẹ̀ Mpumalanga ni èédú náà sì wà jù. Wọ́n ti ń gba owó orí káábọ́ọ̀nù láti oṣù Kẹfà 2019. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là fún wọn láti kúrò nínú èédú. Amẹ́ríkà jáde nínú àdéhùn náà ní 2025. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Eskom, ilé iṣẹ́ iná ìjọba wọn, pa ilé iṣẹ́ amúnáwá Komati. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ó ti darúgbó, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1961. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 497 dọ́là kí wọ́n fi sólà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti bátìrì rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tẹ̀ léra: wọ́n ti géètì ná, owó dé lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ Eskom gba ibòmíràn lọ. Àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń gbé èédú, tó ń gba àlejò sílé, tó ń dáná oúnjẹ lẹ́nu géètì, àwọn ni wọ́n jókòó síbẹ̀.

Ní ti iná ilé tiwa, kò sí èédú nínú rẹ̀. Gáàsì àti omi ló ń pèsè rẹ̀. Ìdí tí tíránsífọ́mà àdúgbò yín fi kú kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú káábọ́ọ̀nù. Èédú Kogi àti Gombe ń jó nínú ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Nàìjíríà ti ní Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ láti oṣù Kọkànlá 2021, ó sì ti ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tó ń tú jáde kò ní ju èyí tó ń fà padà kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ. Láti oṣù Kìíní 2026 ni ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ń bu owó káábọ́ọ̀nù lé sìmẹ́ńtì, irin, alumíníọ̀mù àti ajílẹ̀ tó bá ń wọlé sọ́dọ̀ wọn.

Géètì tiwa gan-an ni epo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí wọ́n ń pín ní Àbújá lóṣooṣù, nínú kànga epo ló máa ń ti jáde jù. Ní 2015 tí owó epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun mọ ohun tí wọ́n ń pè ní háàfù sálárì, aláṣọ ní Ìrémọ náà sì mọ̀ ọ́n. Kò sí kànga epo kankan ní Ìrémọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún Màmá, mo sì gé e kúrú. Ti Komati ló mú un lọ́kàn jù. Ó bi mí pé kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ọgbà náà báyìí. Mo ní wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wẹ́dà, wọ́n ń to páńẹ́ẹ̀lì sólà, wọ́n tún ṣe ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sin ẹja, omi ẹja yẹn náà ni wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́.

Ó bu ẹ̀wà sí abọ́ ọmọ kan tó ń dúró, ó gba owó, ó ka ṣẹ́ńjì fún un. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹja dára. Tíṣà, ta ló kù níbẹ̀ tó máa rà á?"